Orí Kẹfà: Èrò Òdì Tó Ti Ta Gbòǹgbò àti Àárẹ̀ Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Èròńgbà orí yìí

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:

(a) sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbànújẹ́ àti àárẹ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn;
(b) ṣàlàyé ohun tí èrò òjijì, òfin inú, ìgbàgbọ́ ìpìlẹ̀, àṣìrò àti àròkàn jẹ́;
(d) tọ́ka sí ibi tí òótọ́ pin sí àti ibi tí ìdájọ́ tí ènìyàn ń dá fún ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀;
(e) mọ ìgbà tó yẹ kí a mú ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá dé ilé ìwòsàn.

6.1 Àwùjọ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Oríòkè-Ìwàmímọ́ wà ní etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Igbókòdá ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Omi ni ọ̀nà, omi náà ni oko: ọkùnrin ń da àwọ̀n, obìnrin ń yan ẹja, ọkọ̀ ojú omi sì ní í gbé ẹrù dé ọjà. Ìjọ Aládùúrà fìdí múlẹ̀ ní etíkun yìí débi pé a rí ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn tẹ̀ dó. Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn. Ó ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ etíkun yìí. Ní Ayétòrò, ilé tí a kọ́ sí àárín ìlú ti di ilé etí òkun, àwọn mìíràn sì ti wọ omi lọ.

Ìdí tí a fi mú àdúgbò yìí ṣe àpẹẹrẹ ni pé inú yàrá ìtọ́jú ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ni a ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé tó dá lórí èrò òdì. Níbẹ̀, ó rọrùn láti gbà pé ohun tí aláìsàn ń rò burú ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lọ. Ní etíkun Ìlàjẹ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ burú. Ẹni tó bá ní òkun lè gba ilé òun kò ṣàìsàn. Ojú rẹ̀ ló là. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àárẹ̀ níhìn-ín yóò lè yà á sọ́tọ̀ níbikíbi.

6.2 Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gẹ́gẹ́ bí àárẹ̀

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni àárẹ̀ tí inú ènìyàn fi ń bàjẹ́, tàbí tí ohun tó ń gbádùn tẹ́lẹ̀ kò fi wù ú mọ́, láti àárọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́ tàbí kí ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ojoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, tí ó sì ń dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ àti ìbágbé. Oorun lè dá lójú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé oorun ni yóò máa sùn ṣáá. Oúnjẹ lè má wù ú jẹ. Ara a wúwo, ọkàn kì í pa pọ̀ sójú kan. Ẹni náà a máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, a máa rò pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ó sì lè máa ronú ikú. Ìlànà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé béèrè pé kí a rí márùn-ún, ó kéré tán, nínú àmì mẹ́sàn-án, kí ìbànújẹ́ tàbí àìgbádùn nǹkan sì wà lára wọn.

Ìbànújẹ́ lásán yàtọ̀ sí èyí. Apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ fà ya yóò kanrí mọ́lẹ̀, kò sì ní fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ bá dápàárá, yóò rẹ́rìn-ín, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì ní kó wá kí àwọn jọ tún àwọ̀n náà ṣe, yóò dìde. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú kò ní lè dìde, kò sì ní mọ ìdí tí òun kò fi lè dìde.

Nílẹ̀ Yorùbá, ara ni àárẹ̀ yìí sábà máa ń gbà sọ̀rọ̀. Aláìsàn lè má sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì bá òun. Yóò ní orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn lágbárí òun, àyà òun ń já. Ní 1987, oníṣègùn ọpọlọ kan, Makanjuola, tẹ ìwádìí jáde lórí ọdẹ orí, àìsàn tí ènìyàn fi máa ń mọ̀ ọ́n lára bíi pé nǹkan ń rìn kiri nínú orí àti ara òun. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ ìlera kò fi gbọ́dọ̀ fún ẹni tí orí ń gbóná ní oògùn ibà nìkan kó sì ní kó máa lọ. Ó yẹ kó béèrè bí oorun ṣe rí, àti ohun tí ẹni náà ń bá ara rẹ̀ sọ lóru.

Àìmọ èdè ara yìí wà lára ohun tó ṣi àwọn dókítà ayé amúnisìn lọ́nà. Ní 1953, J. C. Carothers, tó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Thomas Adéoyè Lambo, tó dá ètò ìtọ́jú inú abúlé sílẹ̀ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, bá Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ṣiṣẹ́ ní àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta. Ìwé wọn jáde ní 1963, ó sì fi hàn pé àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì wà láàárín Yorùbá bó ṣe wà láàárín àwọn ará Kánádà tí a fi wọ́n wé. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 2010 rí i pé nínú àgbàlagbà 100 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 3 ni àárẹ̀ yìí ti kọlù rí.

6.3 Bí èrò òdì ṣe ń ta gbòǹgbò

Aaron Beck (1921–2021), oníṣègùn ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, ni ó to ìmọ̀ nípa èrò òdì yìí lẹ́sẹẹsẹ. Ìlànà àwọn ọmọlẹ́yìn Freud ni ó kọ́kọ́ kọ́, èyí tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì jẹ́ ìbínú tí ènìyàn yí padà sórí ara rẹ̀. Ní Philadelphia, ó yẹ àlá àwọn aláìsàn rẹ̀ wò kó lè fi ìdí ẹ̀kọ́ náà múlẹ̀. Àdánù, ìkùnà àti ìkọ̀sílẹ̀ ló bá níbẹ̀ dípò ìbínú. Ó tún ṣàkíyèsí pé àwọn gbólóhùn kúkúrú kan máa ń gba ọkàn àwọn aláìsàn náà kọjá bí wọ́n ṣe ń bá òun sọ̀rọ̀, tí wọn kì í sọ jáde. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1967, ìwé ìtọ́jú tí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn jọ kọ sì tẹ̀ lé e ní 1979.

Gbólóhùn kúkúrú wọ̀nyẹn ni a ń pè ní èrò òjijì: èrò tí ẹnikẹ́ni kò pè, tó já wọlé fúnra rẹ̀, tí ẹni náà sì gbà gẹ́gẹ́ bí òótọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Abẹ́ rẹ̀ ni òfin inú wà, ìyẹn àdéhùn tí ènìyàn ti bá ara rẹ̀ ṣe: “Bí mi ò bá ti ṣàṣìṣe, ẹnikẹ́ni ò ní rí mi fín.” Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìgbàgbọ́ ìpìlẹ̀, ohun tí ènìyàn gbà pé òun jẹ́: “Olórí burúkú ni mí,” “Mi ò já mọ́ nǹkan kan,” “Gbogbo ẹni tí mo bá fẹ́ràn ló máa fi mí sílẹ̀.” Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá wọlé, Beck ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni èrò òdì máa ń kọjú sí: ara ẹni, ayé tó yí ẹni ká, àti ọjọ́ iwájú.

Ìgbà èwe ni ìgbàgbọ́ ìpìlẹ̀ sábà máa ń wọlé. Ọmọ kò ní agbára láti yẹ ọ̀rọ̀ àgbà wò. Bí a bá ń bi í lójoojúmọ́ pé “Ẹgbẹ́ rẹ dà?”, kò ní ka ọ̀rọ̀ náà sí ìbínú bàbá rẹ̀, yóò kà á sí irú ẹni tí òun jẹ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, tí àwọn ẹbí sì ń tọ́ka sí i pé òun ló pa ìyá rẹ̀, yóò dàgbà pẹ̀lú ẹ̀bi tí kò mọ ìgbà tó wọ̀ ọ́ lára. Jeffrey Young, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ Beck, to irú ìgbàgbọ́ àtìgbà-èwe wọ̀nyí sí oríṣi 18, lára wọn ni ìbẹ̀rù pé a ó kọ ẹni sílẹ̀, èrò pé ẹni lábùkù, àti èrò pé ìkùnà ni ìpín ẹni.

Ìgbàgbọ́ yìí lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni náà a máa ṣiṣẹ́, a máa bímọ, a máa rẹ́rìn-ín lóde, títí di ọjọ́ tí àdánù kan yóò jọ ọgbẹ́ àtijọ́ náà tí yóò sì jí i.

6.4 Àpẹẹrẹ kan: ìyá tí ń yan ẹja

A gbé àpẹẹrẹ yìí kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ni. Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó.

Obìnrin kan, ẹni ogójì ọdún lé díẹ̀, ń yan ẹja sáwá ní etíkun Ìlàjẹ. Lọ́dún tó kọjá, òkun gba ilé ìdáná rẹ̀, obìnrin náà sì gbé ààrò rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ iná ju bó ṣe yẹ lọ, ìpele ẹja ìsàlẹ̀ sì jóná. Ní òwúrọ̀, oníbàárà rẹ̀ láti Igbókòdá yí ẹja náà wò lọ́wọ́, ó ní, “Màmá, àwọn tìsàlẹ̀ yìí ti jóná o,” ó sì ra èyí tó wà lókè. Ohun tó sọ sí obìnrin yìí lọ́kàn ni pé: “Kò sí nǹkan tí mo dáwọ́ lé tó yọrí.”

Kò rántí afẹ́fẹ́. Ìpele mẹ́ta ló wà nínú ààrò náà, méjì yọ, ẹyọ kan jóná. Èyí tó jóná nìkan ló ń kà.

Bí a bá bi í ní ibi tó ti kọ́kọ́ gbọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, yóò rántí àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ, tó máa ń sọ nígbàkígbà tí nǹkan bá fọ́ nínú ilé pé ọwọ́ rẹ̀ kò mú oríire wá. Òfin inú tó gbé lé e ni pé kí òun ṣiṣẹ́ ju gbogbo ènìyàn lọ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i sọ. Òfin náà gbé e ró fún ogún ọdún. Nígbà tí òkun gba ilé ìdáná, kò sí iye iṣẹ́ tó lè ṣe tí ì bá dá òkun dúró, òfin náà sì ṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni kò ti lọ sí ìpàdé àjọ mọ́, nítorí ó dá a lójú pé wọ́n ti mọ̀ pé òun kò ní lè dá a. Bí alájọ bá kanlẹ̀kùn, kì í dáhùn. Ó ń yan ẹja díẹ̀, owó ń kéré, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé ó ń bínú sí àwọn ni, wọ́n sì dẹ́kun wíwá. Nígbà tí wọ́n dẹ́kun wíwá, ó ní, “Mo ti sọ bẹ́ẹ̀.” Bí èrò òdì ṣe ń pèsè ẹ̀rí fún ara rẹ̀ nìyí: èrò ló ń bí ìwà, ìwà ń bí àbájáde, àbájáde sì ń padà wá jẹ́rìí èrò.

6.5 Àṣìrò

Àṣìrò ni ọ̀nà tí ọkàn ń gbà ka ohun tó ṣẹlẹ̀ tí àpapọ̀ rẹ̀ fi máa ń jẹ́ àdánù nígbà gbogbo. Obìnrin òkè yìí ka ohun tó bàjẹ́ láìka ohun tó yè. Ó sọ iṣẹ́ òru kan di gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ó gbà pé òun mọ ohun tó wà nínú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ rẹ̀ láìbi wọ́n. Ó ru ẹ̀bi afẹ́fẹ́. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń ṣe irú àṣìrò báyìí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìrẹ̀wẹ̀sì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àṣìrò máa ń gbà, kì í sì í yà.

Àárẹ̀ náà sì máa ń ran àṣìrò lọ́wọ́. Ọkàn tó bàjẹ́ tètè máa ń rántí ohun tó bàjẹ́: ọjọ́ tí ẹja jóná yóò wá sí ìrántí, ọjọ́ tí oníbàárà yìn ín kò ní wá. Fún ìdí èyí, kò tọ̀nà láti sọ pé èrò òdì nìkan ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀kan ń bọ́ èkejì, ohun àbímọ́ni, ìbímọ, àìsàn ara àti ọ̀fọ̀ sì ní ipa tiwọn.

6.6 Òótọ́ àti ìdájọ́

Apá yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ ní etíkun. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta yìí:

“Òkun gba ilé ìdáná mi.” Òótọ́ ni èyí, ojú rí i.
“Òkun lè gba ilé mi náà.” Ìfojúsọ́nà tó ní ẹ̀rí ni, etíkun fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i.
“Ó gbà á nítorí pé olórí burúkú ni mí, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i.” Ìdájọ́ ni èyí. Ẹ̀rí kankan kò sí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òkun tó gba tirẹ̀ gba ti aládùúgbò rẹ̀ náà.

Olùtọ́jú kò gbọ́dọ̀ bá gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkejì jà. Ẹni tó bá sọ fún ará etíkun pé kó máa ronú rere, pé omi kò ní dé ibẹ̀, ti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, aláìsàn kò sì ní fọkàn tán an mọ́. Ìdájọ́ inú gbólóhùn kẹta ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ará ìlú bá ní ìjọba kò náání àwọn: ọ̀rọ̀ ìlú nìyẹn, ọ̀nà ìlú ni a sì fi ń dáhùn rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni kí a máa fi ìtọ́jú ọpọlọ pa ẹjọ́ tó yẹ kí a gbé síwájú aláṣẹ.

Ìwádìí ti fi hàn pé àdánù gidi ní agbára. George Brown àti Tirril Harris ṣe ìwádìí láàárín àwọn obìnrin ní Camberwell, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Wọ́n rí i pé àdánù ńlá máa ń ṣáájú ìrẹ̀wẹ̀sì lọ́pọ̀ ìgbà, àti pé obìnrin tí kò ní ẹni tó lè finú hàn, tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ó ń tọ́ ọmọ kéékèèké mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ìyá rẹ̀ kú kó tó pé ọdún mọ́kànlá, ni àdánù tètè máa ń wó lulẹ̀. Àdánù kan náà lè bá obìnrin méjì. Èyí tó ní ẹni tó lè finú hàn yóò ṣeé ṣe kó dúró.

Martin Seligman àti Steven Maier bá ọ̀rọ̀ náà wọlé láti ọ̀nà mìíràn. Ní 1967, wọ́n tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn ajá tí iná mànàmáná ń ta, tí wọn kò rí ohunkóhun ṣe sí i. Nígbà tí a gbé àwọn ajá náà síbi tí wọ́n ti lè fò kúrò, púpọ̀ nínú wọn kò gbìyànjú. Orúkọ tí wọ́n fún èyí ni a lè túmọ̀ sí apá-mi-ò-ká-a àkọ́mọ́ra. Ní 2016, àwọn méjèèjì tún ẹ̀kọ́ wọn ṣe: ìwádìí lórí ọpọlọ ti fi hàn wọ́n pé kíkáwọ́ gbera ni ohun tí ara máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ìyà bá pẹ́, àti pé ohun tí ẹ̀dá ń kọ́ ni pé òun lágbára lórí nǹkan. Èyí yí iṣẹ́ olùtọ́jú padà. A kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ohun kékeré kan tí apá aláìsàn ká, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ohun tí òun ṣe so èso. Fún obìnrin wa, ó lè jẹ́ pípadà sí ìpàdé àjọ lẹ́ẹ̀kan, kó jókòó, kó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ìjọ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní etíkun Aládùúrà, wòlíì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kó tó kan nọ́ọ̀sì. Wòlíì tó gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin, tó gbàdúrà, tó sì ní kí wọ́n lọ rí dókítà, ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ìran tó bá ní àjẹ́ inú ẹbí tàbí orí burúkú ló fà á lè tẹ ìdájọ́ àtijọ́ náà mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kó sì tún já okùn láàárín aláìsàn àti àwọn tí ì bá finú hàn.

6.7 Àròkàn

Àròkàn ni ríro ohun kan náà ní àrótúnrò láìdé ibì kankan. Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n ní àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dá. Susan Nolen-Hoeksema (1959–2013) ni ó fi ìwádìí hàn pé ẹni tó bá ń rò báyìí máa ń pẹ́ nínú ìrẹ̀wẹ̀sì, àti pé obìnrin ń ṣe é ju ọkùnrin lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìgbèrò ni ìbéèrè tó ń béèrè. Ìgbèrò ń béèrè pé kí ni ṣíṣe. Àròkàn ń béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi.

6.8 Ìtọ́jú

Nínú ìtọ́jú Beck, olùtọ́jú àti aláìsàn máa ń jọ kọ èrò òjijì sílẹ̀, wọ́n á jọ wá ẹ̀rí tó gbè é àti ẹ̀rí tó takò ó, wọ́n á sì dán an wò nínú ìgbé ayé gidi. Oògùn wà pẹ̀lú, pàápàá bí àárẹ̀ bá le.

Dókítà ọpọlọ kò tó, kì í sì í ṣe gbogbo etíkun ni ọkọ̀ ti ń tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdáhùn kan wá láti Harare, ní Zimbabwe. Ní 2006, oníṣègùn ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, kọ́ àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá ní àdúgbò Mbare láti máa jókòó lórí àga gbọọrọ ní ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu àwọn tí ìrònú wọn pọ̀ jù, kí wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mú ìṣòro kan kí wọ́n sì wá ojútùú sí i. A dán ètò náà wò lára ènìyàn 573, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2016. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àmì ìrẹ̀wẹ̀sì wà lára 13.7 nínú 100 àwọn tó jókòó pẹ̀lú ìyá àgbà, ó sì wà lára 49.9 nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní Nàìjíríà, Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé láti máa ṣe irú ìtọ́jú báyìí. Òfin Ìlera Ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2023, sì ti rọ́pò òfin ayé amúnisìn tó ka aláìsàn ọpọlọ sí wèrè tí a ń tì mọ́lé.

Àmì ewu. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé ayé ti sú òun, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn, tàbí tó ń dágbére láìsí ìrìn àjò, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé májèlé ewéko àti ohun mímú jìnnà sí i, kí ẹ sì mú un dé ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù lọ́jọ́ náà gan-an.

6.9 Kókó fún àyẹ̀wò

Ìgbàgbọ́ ìpìlẹ̀ láti ìgbà èwe lè sùn títí àdánù yóò fi jí i. Àṣìrò àti àròkàn ni wọ́n ń gbé e ró. Àárẹ̀ náà máa ń gba ara sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìtọ́jú kì í sẹ́ òótọ́. Ìdájọ́ ni ó ń yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú àpẹẹrẹ tìrẹ: èrò òjijì, òfin inú, ìgbàgbọ́ ìpìlẹ̀, àròkàn.

2. Tọ́ka sí àṣìrò mẹ́ta nínú ìtàn ìyá tí ń yan ẹja. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ìbéèrè kan tí olùtọ́jú lè bi í láìdá a lẹ́jọ́.

3. Pín gbólóhùn wọ̀nyí sí òótọ́, ìfojúsọ́nà tó ní ẹ̀rí, àti ìdájọ́: (a) “Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ti bàjẹ́.” (b) “Bí ìjì bá jà lálẹ́, omi lè wọlé.” (d) “Ọlọ́run ti kọ̀ mí.” (e) “Àwọn ọmọ mi ì bá sàn jù bí mi ò bá sí níbẹ̀.” Èwo nínú wọn ló béèrè pé kí a gbé ìgbésẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí sì ni ìgbésẹ̀ náà?

4. Kí ló dé tí èrò Carothers ní 1953 fi ṣìnà? Lo iṣẹ́ Lambo àti Leighton àti ìwádìí lórí ọdẹ orí nínú ìdáhùn rẹ.

5. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: Ẹ ya àwòrán ètò kan bíi ti Harare fún ìlú etíkun Ìlàjẹ kan. Ta ni yóò jókòó gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn? Níbo ni yóò jókòó sí? Báwo ni wòlíì, alájọ àti nọ́ọ̀sì yóò ṣe máa fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ara wọn?